Máàkì Àánú

"Àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Ìwọ lo tún gba ipò kìíní!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀, tó sì ki ìwé ìdánwò náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń lu tábìlì. Físíìsì nìyẹn, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sá fún bí ẹni ń sá fún òjò, ọmọbìnrin tí kò ríran ló sì gba àádọ́rùn-ún nínú rẹ̀ yìí.

Etí Ehoro ni wọ́n ń pè é. Àìsàn kan ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ kékeré, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí kò lè fi ìró bàtà dá mọ̀ kí onítọ̀hún tó yọ ní igun ilé. Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá ń pariwo, òun ló máa ń kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹ dákẹ́, ọ̀gá àgbà ń bọ̀." Kì í sì í ṣì í. "Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà," a máa fi ṣàwàdà, "etí ni tèmi wà." Ó fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ohùn ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò. Kò sì sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ láìmọ físíìsì.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn náà, àmọ́ kò dùn dénú. Ìbéèrè márùn-ún ló wà nínú ìdánwò náà. Méjì níbẹ̀ dá lórí gíráàfù, kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú méjèèjì. Olùkọ́ ló fún un ní gbogbo máàkì ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èèyàn dáadáa ni olùkọ́ físíìsì yìí. Bàbá Aláàánú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, torí kò lè rí ọmọ tí ebi ń pa kó má gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ tí Etí Ehoro kọ́kọ́ wọ kíláàsì rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, bí a bá dé ibi gíráàfù, má da ara rẹ láàmú. Mo máa bá ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Láti ìgbà náà, bí olùkọ́ bá ti ń ya ìlà sójú pátákó, tó ń wí pé, "Ẹ wo ibí, ó gba ibí, ó bọ́ síbí," Etí Ehoro á káwọ́ gbera, á máa ronú orin. Ìwé tí olùkọ́ ń pín gan-an, fọ́tò ojú ìwé ni. Bí fóònù Etí Ehoro tó máa ń kàwé sókè bá dé ibẹ̀, "Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán," ni yóò máa wí, bí ayékòótọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ní sáà yẹn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pe obìnrin kan wá láti dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè to ẹ̀kọ́ wọn tí kò fi ní sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣẹ́ kù síta, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò ríran, ẹni tí kò gbọ́ràn, tàbí ẹni tí ìwé kíkà máa ń ni lára. Kó tó bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ físíìsì, ó dá Etí Ehoro dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Gíráàfù eré ọkọ̀ tí wọ́n yà lónìí," ó bi í, "kí ni ìlà rẹ̀ sọ fún ẹ?"

"Ó ní ọkọ̀ náà ń sáré sí i, mà. Nígbà tó yá, ó dúró."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó dúró?"

"Mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ní ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, níbo ló tún ń lọ, mà?"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ náà kò dúró o. Bí ìlà bá tẹ́, eré kan náà ló ń sá lọ. Kò fi kún un, kò sì dín in kù. Ìgbà tí ìlà bá já wálẹ̀ pátápátá ni ọkọ̀ tó dúró."

Ara Etí Ehoro tutù. Ohun tí ọmọ tó gba ogójì mọ̀, òun tó gba àádọ́rùn-ún kò mọ̀ ọ́n.

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa bá àwọn olùkọ́ jókòó," obìnrin náà wí. "Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sọ bí kíláàsì ṣe rí fún òun. Mi ò ní fipá mú ẹ. Lọ rò ó."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, fò sókè nígbà tó gbọ́. "Ṣé orí ẹ pé báyìí? O fẹ́ fi ẹnu ara ẹ já máàkì ẹ wálẹ̀? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó o ń jẹ ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ bá ga, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá já wálẹ̀ á máa sanwó bíi ti àwọn tó kù. Aránṣọ ni ìyá Etí Ehoro, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọ.

"Èmi, bí mo bá rí ẹni tó ń fún mi ní máàkì lọ́fẹ̀ẹ́," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ṣe ni mo máa máa kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀."

Nígbà tí Etí Ehoro délé, ó rò ó fún ìyá rẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lójijì.

"Mi ò ní kó o purọ́ o," ìyá rẹ̀ wí. "Mo kàn ní kó o má sọ nǹkan kan ni. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀."

"Màámi, ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

Ìyá wá ìyàtọ̀ náà títí, kò rí i. Ó bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà bá a rín in. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìyá mí kanlẹ̀. "Ìwọ lo mọ ibi tí ò ń lọ," ó wí. "Ohun tó bá gbà la máa fún un."

Ní ọjọ́ Ẹtì, yàrá ìpàdé kún fọ́fọ́, àwọn olùkọ́ sì ń kùn. Olùkọ́ ìṣirò ní, "Àwọn ọmọ kíláàsì mi lé ní ọgọ́rùn-ún. Ṣé kí n wá máa se ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníkálukú ni, bí ẹni ń dáná fún aláìsàn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, sà. Ẹni tó ń kọ́lé, ìgbà tó ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ló ti ń ro ibi tí ilẹ̀kùn máa wà. Kì í ṣe ìgbà tí àlejò bá dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá òòlù tó máa fi dá ògiri lu. Bí ilẹ̀kùn bá sì fẹ̀, gbogbo ará ilé ló máa gbádùn un." Ó yíjú sí Etí Ehoro pé kó máa bọ̀ níwájú.

Kí ọmọ náà tó lanu, Bàbá Aláàánú ti dìde. "Ẹ jẹ́ n sọ ọ́," ó wí tayọ̀tayọ̀. "Ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì mi nìyí. Kò ní ìṣòro kankan lọ́dọ̀ mi. Àbí, ọmọ mi?"

Ọ̀nà àbáyọ ló ṣí sílẹ̀ fún un yìí: kó kàn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," kó lọ jókòó. Kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè mọ́. Etí Ehoro di ọ̀pá funfun rẹ̀ mú dáadáa.

"Ẹ ti ṣe mí lóore púpọ̀, sà," ó wí, "mi ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ gíráàfù. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Máàkì àwọn ìbéèrè tí mi ò fọwọ́ kàn lẹ ń fún mi."

Ẹnì kan wúkọ́. Àga kan dún.

"Àánú ẹ ló ṣe mí," Bàbá Aláàánú wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí débí. Ọjọ́ tí mo bá kúrò níbí, ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa fi rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, kí ẹ kọ́ mi ní rírìn."

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ lásán. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ máàkì, àádọ́rùn-ún sì di àádọ́ta. Ipò kìíní lọ, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà tẹ̀ lé e. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Olóòótọ́ Ayé, wọn kò sì fi yìn ín. Ìyá rẹ̀ lọ gba aṣọ ilé ìwé rán kún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dun Etí Ehoro jù ni pé Bàbá Aláàánú kò pè é ní "ọmọ mi" mọ́. Bó bá kí i, olùkọ́ náà á dáhùn ṣókí, á sì kọjá lọ. Síbẹ̀, kò kábàámọ̀. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í bóyá ó máa lọ tọrọ àforíjì, ó ní, "Mo lè bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ pé irọ́ ni mo pa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró bàtà tó mọ̀ dunjú. Bàtà náà dúró níwájú tábìlì rẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù gba ibẹ̀ kan.

"Na ọwọ́ ẹ," Bàbá Aláàánú wí.

Páálí kan ló gbé síwájú rẹ̀. Ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú mọ́ ọn lóríṣiríṣi, kí ìka lè ka gíráàfù bí ojú ṣe ń kà á. Etí Ehoro fọwọ́ wá a síhìn-ín, ó wá a sọ́hùn-ún.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ."

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín débi pé ó fọwọ́ ti tábìlì. "Ohun tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ sọ fún mi lánàá gan-an nìyẹn! Ó ní òwú mi ti pọ̀ jù." Ó jókòó. "Mo bínú sí ẹ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn ní ká dijú ká máa tẹ́tí sí ẹ̀kọ́ ara wa tó ti gbà sórí fóònù, 'ibí, ibí, ibí' nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi. Ìtìjú bá mi. Ọmọ mi, jẹ́ ká tún un ṣe."

Wọ́n sì tún un ṣe. Ó lẹ òwú mìíràn, ìlà kan ṣoṣo. Ìka Etí Ehoro gùn ún lọ sókè, ó dé ibi tó tẹ́, ó ń lọ, ó ń lọ.

"Kò dúró!" ó kígbe. "Ó ń sáré kan náà lọ ni!"

Láti ọjọ́ náà ni kíláàsì físíìsì ti yí padà. Olùkọ́ kò sọ pé "ibí" mọ́. Ohun tó bá yà, á fi ẹnu sọ ọ́: "Ìlà yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè sí apá ọ̀tún." Ó tẹ gbogbo ìwé tó ń pín sórí kọ̀ǹpútà, fóònù Etí Ehoro sì ń kà á geere. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. "Mo rò pé nítorí tìẹ nìkan ni," ó wí. "Àṣé èmi tí mo lójú méjì gan-an, ńṣe ni mò ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá ni Etí Ehoro ń lé bá. Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún dé, wọ́n fún un ní gíráàfù olówùú bí wọ́n ṣe fún àwọn yòókù ní ti orí ìwé, òun fúnra rẹ̀ sì fi òwú àti gọ́ọ̀mù ya tirẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló gbà. Ipò kẹrin ló wà, ó sì tó láti gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ padà. Ìyá rẹ̀ ní kó tún máàkì náà pè, ó sì pè é títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gba àwọn olùkọ́ tuntun, Bàbá Aláàánú ni wọ́n ní kó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó mú Etí Ehoro lọ́wọ́ lọ. Níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Mo fún ọmọ yìí ní máàkì, mo sì fi ẹ̀kọ́ dù ú. Mo pe ìyẹn ní àánú. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ to ẹ̀kọ́ yín kí gbogbo ọmọ lè wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ bi kálukú ní ìbéèrè tó yẹ ẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a kò ṣiṣẹ́ fún lè gbé wa dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè bá wa wọlé. Bí wọ́n bá ń fún yín ní máàkì ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ìgboyà láti sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ó lè kọ́kọ́ ná yín ní ipò àti ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ̀ ni wọ́n á rí kọ́.