Ohùn Tó Ń Wá Àyè

Ohùn ọkùnrin ló jáde nínú fáìlì tó yẹ kí ìyá aránṣọ kan ti máa sọ̀rọ̀.

Ibi iṣẹ́ wa la ti ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ fún ẹbí wọn, èmi ni mo sì ń tọ́jú sáfà, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ohùn náà wà nínú rẹ̀. Ìyá obìnrin aránṣọ náà ti kú. Ohùn yẹn nìkan ló kù fún ọmọ rẹ̀ láyé, ó sì máa ń wá gbọ́ ọ tó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, káfíńtà kan tó wá sọ ìtàn ayé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ń rojọ́ nínú ẹ̀rọ.

"Ta wá nìyí?" ni aránṣọ bi mí.

"Ẹ má bínú, mà. Mo ṣèèṣì tẹ fáìlì mìíràn ni."

Irọ́ ni. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí sáfà kún, ọ̀gá mi ra dísíkì ńlá. Ó yẹ kí n fi ọ̀nà tuntun pín àyè inú rẹ̀ kí n tó kó gbogbo ohùn àtijọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ mú mi, mo gbé ọ̀nà ìpín àtijọ́ lé e lórí. Ìyẹn ò lè ka àyè tó bá kọjá tẹrabáìtì méjì. Ohun tó bá ti kọjá ibẹ̀, á ṣẹ́rí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ dísíkì, á sì kọ ara rẹ̀ lé ẹni tó bá bá níbẹ̀. Ìyá aránṣọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí a gba ohùn rẹ̀. Ẹ̀dà tí a fi pamọ́ pàápàá ti bá a lọ, torí inú dísíkì yẹn náà la ti ń dà á kọ.

Mo na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ. Káfíńtà náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Àga kan ké, ohùn obìnrin sì jáde jẹ́jẹ́ lábẹ́ tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Orí mi lẹ jókòó lé."

Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. "Màmá mi nìyẹn! Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Mo ní kó padà wá lọ́la.

Kò tíì jìnnà tí ìyàwó káfíńtà fi pè mí. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe fún bàbá àwọn ọmọ mi? Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ní màmá kan ń bẹ àwọn kí àwọn sún. Wọ́n sún títí wọ́n fi ṣubú. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹun báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà wá le. Bí mo bá pa fáìlì náà rẹ́, ìyókù ohùn ìyá náà á bá a lọ. Bí mi ò bá pa á rẹ́, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí á ti ọwọ́ mi jìyà. Mo pa á rẹ́. Ìyàwó káfíńtà tún pè, ó ní bàbá àwọn ọmọ òun ti jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́, mo sì kórìíra ara mi.

Nígbà tí aránṣọ dé lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ya ẹnu kí n sọ pé èmi ni mo pa ohùn ìyá rẹ̀ rẹ́.

"Ọmọ mi," ni ohùn obìnrin kan wí láti ẹnu mi, "o mà rù o. Ṣé o ń jẹun?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wólẹ̀ tì mí, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ya ẹnu, ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lánàá, ọmọ mi obìnrin wò mí lójú, ó wá yíjú sí ìyàwó mi. "Mọ́mì, dádì dà?"

Mo ya ẹnu kí n sọ pé èmi nìyí. Ẹlòmíràn ló ti ẹnu mi dá a lóhùn.