Ọ̀nà Búrẹ́dì

Láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé ni Màmá Edna ti ń wo Ọ̀gbẹ́ni Vane bó ṣe ń kó àwòrán àtijọ́ lé Rowena, ọmọ ọmọ rẹ̀, lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Bí ọmọ náà ṣe wọlé, ìyá àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò gba nǹkan kan, Màmá. Ó kàn fún mi ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dára tó!"

"Mo rí i pé wọ́n dára. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Kí ló gbà?"

Rowena rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Iṣẹ́ ìdánwò ìtàn tó ń ṣe dá lórí bí òpópónà abúlé wa, Brackenby, ṣe yí padà. Nǹkan tó yí padà kò kéré. Ilé alágbẹ̀dẹ di ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, ó sì tún di ilé tọkọtaya kan tó wá láti London. Wọ́n kọ "Ilé Alágbẹ̀dẹ" sára ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè kan ìṣó. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà ti di ilé gbígbé; ibi tí oníwàásù ń dúró sí ni wọ́n gbé ọpọ́n ìwẹ̀ sí. Ní Brackenby, orúkọ tó wà lára ilé ni ohun àkọ́kọ́ tí kò yẹ kí ènìyàn gbà gbọ́.

Ilé búrẹ́dì àtijọ́, níbi tí Wilf, ọkọ Màmá Edna, ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú, ni Ọ̀gbẹ́ni Vane rà, tó sọ di ilé kọ́fí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ kan náà, ni ọ̀nà tóóró kan tó ní géètì gbà, Ọ̀nà Búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń gbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí kò bá sí i, títì ńlá ló kù, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré, tí ẹlẹ́sẹ̀ kò ríbi fẹsẹ̀ sí.

Òfin ilẹ̀ wa kò le: ọ̀nà tí aráàlú bá ti rìn fún ogún ọdún láìsí ẹni tó dá wọn dúró ti di ti aráàlú. Ṣùgbọ́n bí onílẹ̀ bá ń tì í ní ọjọ́ kan péré lọ́dọọdún, tirẹ̀ ló ṣì jẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Vane gbé kọ́fí síwájú Rowena.

"Mo ń wá ẹni tí yóò máa bá mi tajà ní Sátidé," ó ní. "Ìwọ ló wù mí kí n gbà síṣẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: wọ́n ní bàbá àgbà rẹ máa ń ti géètì ọ̀nà yẹn ní ọjọ́ Kérésì. Ó yẹ kí ìyẹn wà nínú iṣẹ́ rẹ."

"Mi ò gbọ́ ọ rí, sà."

"Ìtàn dà bí òórùn búrẹ́dì, Rowena. Kì í ṣe gbogbo imú ló ń gbọ́ ọ. Ìwọ ní ẹ̀bùn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Bí ẹ bá tú u wò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ara sì ń fu Rowena. Ó rò ó pé kí òun bi Màmá Edna, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí yóò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi bèèrè. Ó kọ ọ́ pé bàbá àgbà òun máa ń ti géètì ní gbogbo Kérésì. Olùkọ́ yìn ín, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn abúlé.

Kò pẹ́ tí àgádágodo tuntun fi yọ lára géètì Ọ̀nà Búrẹ́dì.

Ní abúlé wa, ènìyàn kì í bá géètì jà. Bí a bá bá a ní títì, à ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé a lágídí, a ó sì gba ibòmíràn. Ẹ̀yìn ara wa la ti ń jà. Bí Màmá Edna bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àní Kezia, ọ̀rẹ́ Rowena, kò jókòó tì í mọ́ nínú bọ́ọ̀sì.

"Ọmọ onílẹ̀," Kezia ní, "ṣé o ti mu kọ́fí ọ̀fẹ́ tòní?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ kọ́. Òkú ló ti géètì. A kà á lára ògiri."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá Edna gba títì ńlá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Atẹ́gùn ọkọ̀ akẹ́rù gbé e sí kòtò, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Rowena ló ń bá a bu ọbẹ̀ nígbà tó dé láti ilé ìwòsàn.

"Wọ́n ní Wilf máa ń ti géètì ní Kérésì," ìyá àgbà sọ.

Rowena tún bu ọbẹ̀ sí i.

"Kérésì gan-an ni géètì yẹn kì í padé. Ààrò ilé ẹlòmíràn kò gba tòlótòló, ọ̀dọ̀ Wilf ni wọ́n ń gbé e wá kó bá wọn yan án. Gbogbo abúlé ló ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ta ló sọ tìẹ fún ọ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde."

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí gbọ̀ngàn láti pinnu bóyá ti aráàlú ni ọ̀nà náà, Ọ̀gbẹ́ni Vane nàka sí ògiri. "Ọmọ ọmọ oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́."

Rowena mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ Sátidé ti lọ nìyẹn, máàkì ìdánwò náà sì lè bá a lọ. Síbẹ̀, ó dìde.

"Irọ́ ni mo kọ, sà."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé wọ́n máa ń tì í?" òṣìṣẹ́ náà bèèrè.

"Ẹni tó fẹ́ tì í ni."

Ó wá sọ ti tòlótòló. Kí ó tó parí, bàbá arúgbó kan ti pariwo láti ẹ̀yìn: "Òótọ́ ni! Wilf yan tiwa jóná lọ́dún kan, ìyàwó mi ò dárí jì í títí ó fi kú!" Ẹ̀rín sọ, àwọn tó ti ń fura síra wọn láti ọjọ́ yìí sì ń nawọ́ sókè níkọ̀ọ̀kan láti jẹ́rìí.

Wọ́n já àgádágodo náà. Ilé ẹ̀kọ́ fagi lé iṣẹ́ Rowena. Ó ní láti tún un ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó sunkún lórí rẹ̀.

"Ó dùn ọ́?" Màmá Edna bi í.

"Ó dùn mí gan-an."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fífura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ara fu ni kí a sì pa á mọ́ra nítorí ẹ̀bùn ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ ohun tí o kò rí, bi í pé kí ló dé tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.