Ta Ló Jí Ọmọ Àṣá Gbé?

Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ìtẹ́ àṣá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, ẹyọ kan ló kù nínú ihò ògiri ilé ẹ̀rọ omi, èyí tó kéré jù, tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé.

Dahab Shazali ló kọ́kọ́ rí i. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, kó wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìlú Aswan, kó sọdá sí ọgbà ewéko etí aṣálẹ̀, kó máa ya àwòrán àwọn ẹyẹ tó ń sá oòrùn wá síbẹ̀. Òun ló figbe ta. Òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn.

Dókítà Mumtaz Halim, ọ̀gá àgbà ọgbà náà, sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn ayàwòrán ló fa wàhálà. Àwọn ló fi ìtẹ́ náà han gbogbo ayé. Kò ní ya òun lẹ́nu bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kó àwọn ọmọ náà fún àwọn tó ń fi àṣá ṣọdẹ. Ó ní kí wọ́n gba kámẹ́rà Dahab, kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ọgbà mọ́ gbogbo wọn.

Dahab jókòó sórí òkúta níwájú ilé ẹ̀rọ omi, ó gbé kámẹ́rà lé itan.

"Ẹ wá gbà á," ló wí. "Mi ò ní dìde níbí títí àwọn ọmọ náà á fi padà."

Widad Bishara ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti pè é pé kó kàn mú obìnrin náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ọ̀rọ̀ parí. Widad dá a lóhùn pé òun kì í kọ́kọ́ mú èèyàn kóun tó wá ẹ̀sùn fún un. Ó pa fóònù.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ògiri. Ojú ẹsẹ̀ àkàbà wà nínú iyanrìn. Àkàbà kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà, yàrá irinṣẹ́ ni wọ́n sì ń tì í mọ́. Ẹnikẹ́ni kò já àgádágodo ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Khairi tó ń tún ọgbà ṣe, Fikri ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ, àti Dókítà fúnra rẹ̀. Dahab kò ní.

Ohun mìíràn tún wà nílẹ̀: egungun ẹyẹlé, ìyẹ́ funfun, àti ẹsẹ̀ ẹyẹlé kan tí ìyẹ́ bò dé ọmọ ìka. Ẹyẹlé ìgbẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí èèyàn ń sìn lórí òrùlé nítorí ẹwà ni. Widad pe ọlọ́pàá kan ní ìlú, ó bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó wá bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léèrè ọ̀rọ̀. Láwàní Khairi ti fàya. Ó ní àṣá ló fà á ya nígbà tóun ń gé ẹ̀ka nítòsí ìtẹ́. Ojú ọgbẹ́ wà létí Fikri.

"Ẹyẹ yẹn kórìíra mi ju ìyàwó mi lọ," ni Fikri wí.

Dókítà Mumtaz ní igi lòun ń tọ́jú ní tòun, òun ò dé ìdí ògiri yẹn láti ìgbà òtútù.

Widad padà sọ́dọ̀ Dahab, ó ní kó fi gbogbo àwòrán tó yà níbẹ̀ han òun, títí kan èyí tí kò dára. Ọ̀kan wà tí Dahab ti fẹ́ nù dànù, nítorí òjìji bà á jẹ́. Àṣá wà lórí ògiri, ó ń ya ẹyẹlé funfun jẹ. Lábẹ́ rẹ̀, òjìji ọkùnrin kan wà lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Òkèèrè ni Dahab ti yà á, igi sì bo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀: kò sí ojú, kò sí aṣọ tí èèyàn lè dá mọ̀.

"Ẹ wo ẹyẹ náà," ni Widad wí. "Kò tilẹ̀ wo ọkùnrin yẹn."

Ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ó fún wọn ní apẹ̀rẹ̀ kan tí wọn yóò máa fi bo orí, ó ní kí wọ́n lọ dúró sídìí ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣá já lé Fikri bí òkúta. Ó já lé Khairi, apẹ̀rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà náà. Dókítà kọ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀bọ tí wọ́n ń mú ṣeré.

"Bàbá Khairi tó jù yín lọ ti dúró," ni Widad wí. "Ẹ̀yin náà á dúró, sà."

Dókítà lọ dúró. Àṣá ké lẹ́ẹ̀kan, ó fò yí ká, ó wá bà jẹ́jẹ́ sórí ògiri lókè orí rẹ̀. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Oúnjẹ ló ń retí," ni Widad wí. "Ẹ̀yin lẹ jí wọn, Dókítà. Ẹ fún un ní ẹyẹlé títí ó fi mọ̀ yín. Nígbà tó gbé ti àná lọ jẹ lókèèrè, ẹ gun àkàbà. Ọlọ́pàá tí mo rán lọ sílé yín sì ti pè mí. Ẹyẹlé funfun tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ wọn ló kún òrùlé yín."

Dahab tẹ̀ síwájú lórí òkúta. "Níbo lẹ kó wọn sí?"

Ọkùnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. "Yàrá irúgbìn. Ibẹ̀ tutù."

Khairi sáré lọ. Ó gbé wọn bọ̀ nínú agbọ̀n, láàyè, wọ́n sì dá wọn padà sínú ìtẹ́. Ìgbà náà ni Dahab tó dìde.

Dókítà kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní iyanrìn lásán nibẹ̀ nígbà tóun dé, irun òun ṣì dúdú. Kò sígi kan níbẹ̀ tóun ò fọwọ́ ara òun gbìn, kò sì sẹ́ni tó wá wò wọ́n. Ẹyẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò pè wá bà lé ògiri, gbogbo ayé sì dé, wọ́n ń tẹ ọ̀gbìn òun mọ́lẹ̀ nítorí àwòrán. Bí ìtẹ́ bá ṣófo, wọn á lọ; àṣá ló padà dé kóun tó mú èyí tó kù. Òun ti rí ẹni tí yóò máa tọ́ àwọn ọmọ náà lódìkejì odò.

"Mi ò tọrọ àforíjì," ló wí.

"Orí igi yín làwọn ẹyẹ ń sùn," ni Dahab dáhùn. "Ẹ jí ọmọ, ẹ wá fẹ́ fi orúkọ mi bò ó mọ́lẹ̀. Èmi náà ò ní forí jì yín lónìí."

Bí wọ́n ṣe ń mú Dókítà sọ̀ kalẹ̀ sídìí ọkọ̀, fóònù Widad tún dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí àwọn ayàwòrán má tíì wọ ọgbà, kí ara ìlú balẹ̀ ná. Widad wo Dahab.

"Ẹ sọ fún un pé a ń bọ̀ lọ́la," ni Dahab wí. "Gbogbo wa. A ó gbé kámẹ́rà, a ó sì gbé garawa omi. Ẹni tó ń bomi rin àwọn igi yìí ti ń lọ, a ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbẹ."

Dókítà Mumtaz ti jókòó sínú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ọkọ̀ ti ń sún kúrò létí omi kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bomi rin wọ́n lọ́sàn-án," ló wí. "Ó ń jó gbòǹgbò wọn."