Bíńtín Ò Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọmọ ajá mẹ́rin ni Ìyá Jésùlayọ̀mi tú sílẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ rẹ̀ ní Ibafo, mẹ́ta nínú wọn ló sì sáré wá bá Dáraolúwa. Wọ́n ń lá a lọ́wọ́, wọ́n ń fa okùn bàtà rẹ̀, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Ìkẹrin kò dìde. Ó jókòó síbi tó wà, ó ń wo Olúfúnṣọ́, ọkọ Dáraolúwa, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń wò. Èjìká òsì rẹ̀ ló tẹjú mọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan bá dúró sẹ́yìn ọkùnrin náà tó sì fọwọ́ lé e níbẹ̀.

"Ẹ má wo ìyẹn," ni Ìyá Jésùlayọ̀mi wí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ajá tẹ́ríà kéékèèké ló sì ń sìn tà báyìí. "Èyí tó bá ń ṣeré, tí ojú ẹ̀ mọ́, tí imú ẹ̀ tutù, òun ni kẹ́ ẹ mú. Ìyẹn kì í bá èèyàn ṣeré. Ó máa ń ro nǹkan jù."

Dáraolúwa ti rí tirẹ̀, ọ̀kan tí irun etí rẹ̀ pọ́n bí oyin. Òun ló kúkú ni ẹ̀bùn náà. Láti ìgbà tó ti lóyún tí dókítà sì ní kó máa sinmi, ni Olúfúnṣọ́ ti ṣèlérí ajá kékeré tí yóò máa bá a gbélé, nítorí Èkó ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, ajá kẹrin ti dìde. Ó rìn kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó lọ fò mọ́ Olúfúnṣọ́ lẹ́sẹ̀ títí ọkùnrin náà fi gbé e. Bó ṣe dé àyà rẹ̀, ó na ọrùn, ó gbóòórùn èjìká òsì náà títí, ó sín, ó sì gbé orí lé e.

"Wò ó, Dára," ni Olúfúnṣọ́ wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ lọ́nà tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ rí. "Òun fúnra ẹ̀ ló yàn mí."

Dáraolúwa rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá tún ṣe? Ṣùgbọ́n nǹkan kan ta á láyà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ilé tí wọ́n ń gbé ní Magboro, òun kọ́ ló bá ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ. Mojísọ́lá, ìyàwó àkọ́kọ́, ló bá a kọ́ ọ. Mojísọ́lá ló yan táìlì, òun ló yan ọ̀dà pálọ̀, òun ló ra tábìlì ìjẹun. Àìsàn ló mú un lọ, kò sì bímọ kó tó lọ. Dáraolúwa kò rí i láàyè rí, àfi nínú fọ́tò tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n nínú bí Olúfúnṣọ́ ṣe máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá gbé àwọn àwo kan báyìí kalẹ̀. Ó ń jowú àwo. Ó ń jowú ọ̀dà ara ògiri. Ojú ń tì í pé òkú ni òun ń jowú, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá tún kan ajá.

Irun tẹ́ríà kì í re bí irun ajá yòókù. Ṣe ló máa ń gùn bí irun orí èèyàn, bí wọn kò bá sì yà á lójoojúmọ́, á ta kókó. Ìyá Jésùlayọ̀mi ti kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀. Kó má jẹ àlùbọ́sà, kó má pẹ́ nínú oòrùn, kí wọ́n máa fọ eyín rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ní Mowe. Dáraolúwa ló ń ṣe gbogbo èyí. Òun ló ń bọ ẹran adìẹ tí kò níyọ̀ mọ́ ìrẹsì, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń nu ipin ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Olúfúnṣọ́ bá ti dé nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bíńtín, orúkọ tí ọkọ rẹ̀ sọ ajá náà nìyẹn, yóò sáré lọ. Ọkùnrin náà á gbé e lé itan, á mú òòyà, á máa ya irun rẹ̀ láti orí dé ìrù, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Dáraolúwa á dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, á máa wò wọ́n. Ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ kan irun tirẹ̀ báyìí rí, títí òun fi gé e mọ́lẹ̀ nígbà tí oyún dé.

Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, Bíńtín á fò sórí àga tó kọjú sí fèrèsé iwájú, á jókòó gírí. Dáraolúwa lé e sọ̀kalẹ̀, ó padà. Ó tún lé e, ó tún padà.

"Fi í sílẹ̀," ni Olúfúnṣọ́ wí pẹ̀lẹ́. "Àga tí Mojí máa ń jókòó sí nìyẹn."

Dáraolúwa gbé àwo tirẹ̀ padà sí kíṣìnì.

Lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà yàrá ni ajá náà máa ń nà gbalaja sí, á máa kùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì, àárín tọkọtaya ló máa ń sùn sí, á fi ẹ̀yìn ti ikùn Dáraolúwa, kò ní jẹ́ kó súnmọ́ ọkọ rẹ̀. Ó wá dá a lójú. Obìnrin yẹn ló padà wá. Ó padà wá fi irun ajá bora, ó gba àga rẹ̀, ó gba itan ọkọ rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún Sùwéébátù, tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní géètì òdìkejì. Sùwéébátù kò tíì pẹ́ ládùúgbò. Láti Ifọ ló ti kó wá lẹ́yìn tí Mojísọ́lá ti kú.

"Ajá tó ń jowú ìyàwó ilé?" ni Sùwéébátù wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ rántí ohun tó wà níkùn yín."

Ọ̀sán kan tí kò síná, tí ooru mú, Dáraolúwa fẹ́ lọ dùbúlẹ̀. Bíńtín wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ láti dá a kọjá, ajá náà fi eyín di ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ mú, ó ń fà á sẹ́yìn. Dáraolúwa fà, òun náà fà, aṣọ ya.

"Ta ni ẹ́ nílé yìí?" ni ó kígbe. "Mo ní ta ni ẹ́?"

Bíńtín kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, inú yàrá ló ń wò. Ìwọ̀sí yẹn ló dun Dáraolúwa ju aṣọ lọ. Ó gbé ajá náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé e padà sí Ibafo. Ó sọ fún Ìyá Jésùlayọ̀mi pé irun rẹ̀ ń mú òun sín, oyún kò sì jẹ́ kí òun rára gba nǹkan sí. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé géètì ló ṣí sílẹ̀. Olúfúnṣọ́ rin gbogbo àdúgbò títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ń pe Bíńtín, Bíńtín. Dáraolúwa dúró lójú fèrèsé, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọkọ òun á wá òun báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, ilé dákẹ́. Ó wọ yàrá láìsí ẹni tó dí i lọ́nà, ó sùn wọra. Nígbà tó jí, ìrọ̀rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jin sínú bí ibi tí wọ́n gbé orí lé. Ó ń rùn fún ìpara irun, irú èyí tí òun kì í lò.

Lẹ́yìn náà ló rí òòyà Bíńtín lórí tábìlì. Irun ló kún ẹnu rẹ̀, irun orí èèyàn, dúdú, gígùn.

Olúfúnṣọ́ kò béèrè ajá mọ́. Bó bá ti ti Èkó dé, ìdí tábìlì ló ń lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dáraolúwa jáde láti kíṣìnì, ó bá a tó dúró sẹ́yìn àga yẹn, òòyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e sókè, ó ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nínú afẹ́fẹ́. Eyín òòyà náà sì ń dún, bí ìgbà tó bá ń wọ inú irun tó kún.

"Ọkọ mi, kí lẹ ń ṣe?"

Kò gbójú sókè. "Má bínú sí i," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Kò mọ̀ ni. Oyún ló ní."

Kì í ṣe Dáraolúwa ló ń bá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sùwéébátù gbé ọṣẹ wá fún un. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Àǹtí, àlejò yín ò kí èèyàn o."

"Àlejò wo?"

"Obìnrin dúdú tó jókòó sídìí tábìlì, tó tú irun sílẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mo juwọ́ sí i, kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ló ń wò bẹ́ ẹ ṣe ń gbálẹ̀ lọ. Ikùn yín ló tẹjú mọ́."

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ Dáraolúwa. Gbogbo rẹ̀ wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Bíńtín kò tọ́jú àga yẹn de ẹnikẹ́ni. Ó ń jókòó sí i kí ẹni tó ni ín má baà jókòó ni. Ó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnì kan má baà wọlé. Ọ̀sán tó fa ìró òun ya, ẹni náà ti wà nínú yàrá.

Kò dúró pààrọ̀ aṣọ kó tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ibafo. Ìyá Jésùlayọ̀mi bá a ní pálọ̀, ẹnu yà á.

"Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń sùn," ni ó wí, ó nawọ́ sí igun yàrá. "Bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ líle dé. Kì í tilẹ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kankan níbí."

Bíńtín la ojú kan. Dáraolúwa kúnlẹ̀ fún un pẹ̀lú ikùn rẹ̀. "Dákun," ni ó wí. "Mi ò mọ̀. Dákun, bá mi lọ." Ajá náà wò ó títí, bí ẹni tó ń rò ó wò. Ó dìde, ó na ara, ó sì fúnra rẹ̀ rìn wọnú apẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, Olúfúnṣọ́ wà nílé. Ẹ̀yìn àga náà ló dúró sí, òòyà lọ́wọ́. Dáraolúwa pa ilẹ̀kùn dé, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Bíńtín jáde láìgbó. Ó lẹ etí mọ́ orí, ó fà mọ́lẹ̀, ó yọ́ wọ abẹ́ tábìlì.

Àga náà fò sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èékánná ajá ń ta lórí táìlì, ó ń lé nǹkan kiri pálọ̀, ó lé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lé e jáde; kọ́tìnì gbé sókè, ilẹ̀kùn tí Dáraolúwa pa dé sì ṣí gbayawu. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń rùn fún ìpara irun gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. Lẹ́nu géètì, Bíńtín gbó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Dáraolúwa máa gbọ́ gbígbó rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ajá àdúgbò dá a lóhùn, wọ́n sì dákẹ́ pọ̀.

Olúfúnṣọ́ ṣẹ́jú. Ó wo òòyà ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé mo sùn lọ ni? Dára, ìgbà wo lo dé?" Ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí, lórí irun rẹ̀ tó gé mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Dáraolúwa bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn ìgbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ọkọ rẹ̀ lọ pa kọ́tìnì ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo fọ́tò kan lára ògiri.

"Dára, ta ni obìnrin yìí?"

Ó rò pé àwàdà ni. Ó lọ wo ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí ìbànújẹ́, kò sí ìrántí. Ó ń wo Mojísọ́lá bí èèyàn ṣe ń wo àwòrán òkú ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí wọ́n jọ yan táìlì, tí wọ́n jọ kọ́lé, ti bá afẹ́fẹ́ yẹn lọ pátápátá nínú rẹ̀.

Orúkọ náà wà lẹ́nu Dáraolúwa. Kó pè é ló kù. Ṣùgbọ́n adùn kan ń tàn ká àyà rẹ̀, irú èyí tí kò ní rí láti ìgbà tó ti wọ ilé náà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Bóyá ẹni tó ti gbé ibí rí ló gbàgbé ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù."

Olúfúnṣọ́ mi orí, ó sì yọ fọ́tò náà kúrò.

Bíńtín ti ẹnu géètì wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dáraolúwa rẹ́rìn-ín sí i, ó na ọwọ́ láti fi pa á lára. Ajá náà kò wá. Ó rìn wọ àárín òun àti Olúfúnṣọ́, ó ya ẹsẹ̀, ó gbójú sókè. Kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú Dáraolúwa gan-an ló tẹjú mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bó ṣe máa ń kùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni.