Ògiri tí Kafayatou mọ yí àparò ká

Ní Houinmè, ní Àjàṣẹ́, kí Kafayatou tó kírun òwúrọ̀ tán, àparò inú igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á ti máa ké. Àmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Àparò méjì ti kú sábẹ́ ọ̀pẹ, egbò bo ojú àti ìdí ẹnu wọn. Òmíràn dúró gbagidi, kò lè sá mọ́.

"Issifou o! Wọ́n tún ti kú!"

Àbúrò rẹ̀ jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká gé igbó yìí dànù kí àìsàn tó wọlé bá wa."

"Kí ni kí n wá wí fún bàbá lọ́run? Àparò yìí ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú!" Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé òkú ẹyẹ.

"Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Aïchath ló kígbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, dókítà ẹran tí Issifou pè lórí pọ́tábù lánàá. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ ẹyẹ wò.

"Adìẹ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ṣe irú àìsàn yìí lóṣù tó kọjá, ọ̀pọ̀ ti gbádùn. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Adìẹ tí mò ń pa jẹ yè, àparò tí mò ń ṣìkẹ́ ń kú! Mo tiẹ̀ mọ ògiri yí wọn ká nítorí ajá."

Aïchath wo ògiri náà. Ó ga, kò ní ihò kankan. Igbó tóóró kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lọ dé etí ọ̀sà. Ilé ti gba ìyókù.

"Látìgbà tí ẹ ti mọ ọ́n, àparò mìíràn wọlé rí?"

"Rárá o! Ti bàbá nìkan ni."

"Ìyá, bí ọmọ yín bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, kí lẹ kọ́kọ́ ń bi í?"

"Ìdílé rẹ̀ ni!"

Issifou bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bi Razak ọmọ wọn. Wọ́n rí i pé ọmọbìnrin yẹn bá wa tan, wọ́n ní kó gbàgbé ẹ̀. Ó ṣì ń bínú títí dòní."

"Ta wá ni àparò yín ń fẹ́ nínú ògiri yìí?"

Kafayatou yíjú wo ògiri náà.

"Ẹ̀gbọ́n ń gun àbúrò, bàbá ń gun ọmọ," Aïchath ní. "Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń rí agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà. Bí ti àwọn méjèèjì bá jọra jù, agbára ọmọ á kéré. Èyí kọ́ ló bí àìsàn o. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dé, bó ṣe borí ọ̀kan ló ṣe máa borí gbogbo wọn. Adìẹ yín ń bá ti àdúgbò gùn."

"Ṣé àparò ò lè fo ògiri ni?" Issifou bèèrè.

"Ó lè fò bí ẹ̀rù bá bà á. Ṣùgbọ́n abẹ́ koríko ló ń gbà rìn kiri. Bí àìsàn yìí bá rọlẹ̀, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri yìí, kí àparò ìta lè wọlé."

"Bí ajá bá wá wọlé ńkọ́?"

"Ajá á pa díẹ̀, ìyá. Ògiri yìí ò ní ṣẹ́ ọ̀kan kù."

Bó ṣe ń retí kí àìsàn náà rọlẹ̀ ni Kafayatou ò lè gbàgbé. Àràárọ̀ ló ń tẹ́tí, tí ẹ̀rù ń bà á pé èyí tó ké lánàá lè má ké mọ́. Nígbà tí ikú dáwọ́ dúró, ìwọ̀nba àparò ló ṣẹ́ kù. Òun fúnra rẹ̀ ló gba òòlù lọ́wọ́ Issifou, ó sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri náà.

Ó pẹ́ kí ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, àparò kan ké nínú igbó, òmíràn sì dá a lóhùn láti ìhà ọ̀sà. Kafayatou jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ẹ̀yin ará, ẹ má fọwọ́ lásán gbé òkú ẹyẹ. Ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má gé igbó tóóró tó so igbó kan mọ́ òmíràn, ẹ má sì fi ògiri dí i. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wádìí ìdílé kí ọmọ yín tó fẹ́yàwó, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹyẹ náà, kó lè rí ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ fẹ́.