Ohùn Bàbá Tó Wà Nínú Háàdì Díráìfù

Bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré nínú ilé náà, ìyá aránṣọ á ti dìde. Iná gíga ti jó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rí, láti ìgbà náà ni kì í ti í dúró wo ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Á fa fíríìjì yọ, á fa tẹlifíṣọ̀n yọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Fàáyọ, òun náà á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń da fọ́tò láti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sínú háàdì díráìfù. Inú háàdì yìí, àpótí kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pa mọ́ sí, ni ohùn bàbá wọn wà. Kí àwọn dókítà tó yọ gògóńgò bàbá nítorí jẹjẹrẹ, ọmọ yìí ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kọrin, ó sọ bó ṣe pàdé ìyàwó rẹ̀, ó tilẹ̀ bú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àtijọ́ tó fi ojú rẹ̀ rí màbo. Kò sí ẹ̀dà mìíràn níbikíbi. Bàbá kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Iná ṣẹ́jú. Ìyá fò dìde, ó fa fíríìjì yọ, ó fa tẹlifíṣọ̀n yọ, ó sì já wáyà háàdì gbà lára kọ̀ǹpútà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti yọ gbogbo ẹ̀!"

Ọmọ sáré jáde tòun ti ọṣẹ lára. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ yọ háàdì náà!"

"Ṣé kí n wá fi í sílẹ̀ kí iná jó ohùn bàbá yín ni?"

Nígbà tí wọ́n tún wáyà náà kì bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan nínú háàdì náà. Ó ń béèrè bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ọmọ kọ̀, wọ́n sì gbé e lọ bá obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò gbà kó nù ún," obìnrin náà sọ. "Ìyá, kọ̀ǹpútà yìí ní bátìrì, iná tó ṣẹ́jú ò dí i lọ́wọ́. Háàdì ló ń kọ nǹkan sínú lọ́wọ́ tí ẹ fi já a gbà. Àfi bí ìgbà tí ẹ fa aṣọ yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń rán an lọ."

Ọ̀rọ̀ náà yé ìyá dáadáa. Ó jókòó. "Àwọn dókítà gba gògóńgò ọkọ mi. Èmi ni mo wá gba èyí tó ṣẹ́ kù."

Obìnrin náà gbìyànjú títí, ohun kan ṣoṣo ló rí yọ. Gbogbo ilé pé yí bàbá ká láti gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ikọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá dún ketekete:

"Ṣé ó ti ń gbà á báyìí?"

Ó parí síbẹ̀. Bàbá mi orí, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bi léèrè. Ìyá bojú, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará, ẹ má fa háàdì díráìfù yọ lójijì. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ ń dà sínú rẹ̀ parí, kí ẹ sì pa gbogbo ohun tí ẹ ṣí láti inú rẹ̀ dé. Ẹ tẹ àmì rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan pé kó jáde. Ó dìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ní kò séwu kí ẹ tó yọ ọ́. Bó bá ní òun ṣì ń lò ó, ẹ má bá a jà: ẹ pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kó kú tán pátápátá. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, wáyà tó wà lára ògiri ni kí ẹ fà, ẹ fi háàdì sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ràn, ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbi kan ṣoṣo.

Nílé ìyá aránṣọ, ibi mẹ́ta ni ohùn bàbá wà báyìí. Gbólóhùn kan náà ni.