Lẹ́ǹsì Tó Ń Ríran Lábẹ́ Ìdérí

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní irọ́. Mi ò ní bínú. Èmi gan-an kì í gba irú ọ̀rọ̀ báyìí gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìṣojú mi kòrókòró ló ṣe, ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, orí mi sì pé. Àbúrò mi wà níbẹ̀. Màmá wa wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń ta lẹ́ǹsì kámẹ́rà àlòkù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ra tuntun á ta ti àtijọ́ fún wa. Àwa á nù ún, a ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan kan ti hù nínú dígí rẹ̀ bí èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì, a ó fi ya àwòrán kan láti dán an wò, ká tó gbé e síta fún títà. Èmi ni mo máa ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, torí bí a bá fi í sílẹ̀ fún àbúrò mi, yóò gbàgbé. Kò sí ohun tí kì í gbàgbé. Ó ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn, ó ti gbàgbé omi lórí iná títí ìkòkò fi jó. Màmá sọ ọ́ ní Gbàgbé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Yàrá Màmá la ti máa ń ya àwòrán ìdánwò, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Fèrèsé ńlá kan, àga onítìmùtìmù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá lórí àga. Ìborí olódòdó wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń wé. Bí òdòdó yẹn bá hàn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán, a jẹ́ pé lẹ́ǹsì náà ríran dáadáa. A ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró máa ń wà, nítorí náà a kì í yọjú wo inú kámẹ́rà mọ́. A kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Báyìí ni Màmá ṣe di ìlú-mọ̀ọ́ká láìkúrò lórí ìjókòó. Àwọn oníbàárà á kọ̀wé pé, "Ẹ bá wa kí Màmá Orí Àga o." Màmá á ní kí n kí wọn padà, kí n sì sọ fún wọn kí wọ́n yé dúnàá dúrà.

Ìjókòó yẹn gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn wa. Màmá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun itan wọn kán. Dókítà tò ó, ó sì jiná pátápátá. Ẹ̀rù ló kù. Bí a bá ti ní kí wọ́n dìde, wọ́n á di apá àga mú, ojú wọn á yí padà. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ibí dára." Dókítà wá pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní bí wọn ò bá dìde láìpẹ́, ẹsẹ̀ náà ò ní lè rìn mọ́ láéláé. Mo lọ sunkún nínú ilé ìdáná. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò rí nǹkan kan. Màmá tí kì í lè jókòó jẹun tán kí wọ́n má dìde lẹ́ẹ̀mẹta!

Lẹ́ǹsì tí mò ń wí yìí bá àwọn mìíràn wá nínú páálí kan. Ó ti gbó, ó wúwo, ibi kékeré kan sì ha létí dígí rẹ̀. Gbàgbé gbé e lọ sí yàrá Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi jókòó ti kọ̀ǹpútà ní yàrá kejì, ibi tí àwòrán máa ń wọlé sí fúnra rẹ̀ bí ó bá ti yà á.

Mo gbọ́ tí kámẹ́rà dún. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Fáànù òkè orí mi ń yí, ṣùgbọ́n kò dún. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ fèrèsé wa, mò ń rí ẹnu wọn tó ń ṣí, tó ń pa dé. Ìta pa lọ́lọ́. Nígbà tó yá, ariwo padà, àwòrán sì yọ.

Màmá wà lórí ìdúró. Wọ́n dúró ti fèrèsé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, ọwọ́ wọn kan wà lára kọ́tìnì. Àga ṣófo.

Mo pariwo. Mo sáré, mo fẹsẹ̀ kọ wáyà, díẹ̀ ló kù kí n fi imú gbálẹ̀.

"Màmá dìde! Màmá ti dìde!"

Màmá wà lórí àga. Aṣọ ìbora wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń bó ọsàn.

"Ta ló dìde?" wọ́n bi mí. "Ṣé iná ń jó ni?"

Mo wo Gbàgbé. Gbàgbé ń wo kámẹ́rà. Ó na ìka sí i, kò fọwọ́ kàn án.

"Àǹtí mi," ó rọra sọ, "mi ò ṣí ìdérí ẹ̀."

Lóòótọ́, ìdérí dúdú náà wà lójú lẹ́ǹsì digbí. Ẹni tó bá dé ojú lẹ́ǹsì ya àwòrán, òkùnkùn ló máa rí. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ṣí ìdérí, a tún un yà. Màmá lórí àga, ọsàn lọ́wọ́, òdòdó ìborí wọn hàn kedere. A dé e padà, a tún un yà. Fáànù dákẹ́. Bọ́ọ̀lù dákẹ́. Àwòrán jáde: Màmá lórí ìdúró, ọwọ́ lára kọ́tìnì. 

"Kí lẹ̀ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí?" Màmá ní. "Bó bá jẹ́ pé mo ti kú ni, ẹ sọ fún mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, ẹ gbé e wá kí n rí i."

A gbé kọ̀ǹpútà náà wá fún wọn. Mo rò pé wọ́n á figbe ta. Wọn ò figbe ta. Wọ́n wo obìnrin inú àwòrán náà títí, omi ọsàn ń kán lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìn mi nìyí. Ẹ wò bó ṣe nà ró! Kò tiẹ̀ di nǹkan kan mú dáadáa."

Láti ọjọ́ yẹn, ìsinmi tán fún wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Màmá á ní ká dé ojú lẹ́ǹsì, ká ya òun. Obìnrin náà kì í sì í dúró lójú kan. Ó kúrò nídìí fèrèsé, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Nígbà tó yá, ó ti dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Kì í kọjú sí wa. Ilẹ̀kùn tó wà ní etí àwòrán ló kọrí sí.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò ba Màmá. Wọ́n ń jowú ni! "Ẹ ò rí ìgbéraga? Èmi ni mo ni ẹsẹ̀, òun ló ń fi í rìn kiri." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Wọ́n rò pé a ò rí wọn. Èmi àti Gbàgbé á sá wọ ilé ìdáná, a ó fọwọ́ bo ẹnu, a ó máa rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Gbàgbé tún tẹ kámẹ́rà. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ti ọjọ́ náà pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbọ́ èémí ara mi. Mo gbọ́ ti Gbàgbé. Mi ò gbọ́ ti Màmá. Nígbà tí ariwo padà, a gbé àwòrán náà síwájú wọn.

Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kan ti wà níta.

"Ó ń lọ," Màmá ní. Ohùn wọn ti yí padà. "Ó ń lọ, kò sì mú mi dání."

Ọ̀rọ̀ dókítà padà sí mi létí. Bí obìnrin yẹn bá jáde, kí ló máa kù fún wa lórí àga? 

"Gbàgbé, ti ilẹ̀kùn!"

"Ó wà ní títì, Àǹtí mi! Inú àwòrán ló ti ṣí!"

"Ẹ kúrò lọ́nà," Màmá ní.

Wọ́n ju aṣọ ìbora nù. Wọ́n tẹ apá àga mọ́lẹ̀, wọ́n dìde. Orúnkún wọn gbọ̀n. Mo na ọwọ́, wọ́n gbá a dànù. Ó di bí o ò lọ, o yà fún mi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì, wọ́n kọjá tábìlì, wọ́n kọjá kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n na ọwọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò sí, wọ́n sì di ìka pọ̀ bí ẹni tó gbá aṣọ èèyàn mú.

"Ìwọ! Níbo lò ń lọ?"

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n wá wo àwa méjèèjì. Ẹnu wọn là sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Gbàgbé gbé Màmá sókè. Mo ní kó sọ wọ́n kalẹ̀ kíá, bí ó sì ti sọ wọ́n kalẹ̀ ni èmi náà gbé wọn. A jó yí yàrá ká. Màmá jó pẹ̀lú, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bú wa pé a tún fẹ́ dá itan òun. Nígbà tí dókítà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní ṣé òun ò sọ fún wa pé oògùn òun dára. A jẹ́ kó gba ìyìn náà.

A tún dé ojú lẹ́ǹsì, a ya àwòrán. Òkùnkùn biribiri. A tún un yà, òkùnkùn náà ni. Fáànù ò dákẹ́ mọ́. A ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, obìnrin náà ti padà sára Màmá. Gbàgbé fẹ́ ká tọ́jú lẹ́ǹsì náà, Màmá ní rárá, ọjà lọjà ń jẹ́. Mo gbé e síta, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ha níbì kan àti pé ó ríran dáadáa. Tọkọtaya kan tó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn rà á, wọ́n fẹ́ máa fi ya ọmọ wọn tuntun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyàwó náà kọ̀wé. Mo rò pé ó fẹ́ dá ọjà padà ni.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Lẹ́ǹsì yín dára gan-an. Ọkọ mi ò rántí ṣí ìdérí rẹ̀ lánàá, a sì rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé Màmá Orí Àga wà nílé lọ́dọ̀ yín?"

Ó fi àwòrán sábẹ́ rẹ̀. Pálọ̀ tí mi ò dé rí. Àga onígi kan. Obìnrin náà jókòó lórí rẹ̀, ó kọjú sí wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ojú Màmá ni. Eruku ọ̀nà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ń gbọ́ orin Màmá láti ilé ìdáná. Mo pè wọ́n. Wọ́n rìn wá, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ti rìn jìnnà," wọ́n ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Sọ fún wọn kí wọ́n fún un lómi." Wọ́n padà lọ gbálẹ̀ wọn.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè kọ. Èsì pẹ́ kó tó dé.

"A gbé ife omi kan síwájú àga náà. Ọmọ wa ń wo ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ife ti ṣófo báyìí. Ṣé ká tún bu omíràn?"